Ẹ̀ẹ̀mẹta Là Ń Rọ Àlejò

Láti orí òrùlé ilé wa ní Ẹ́sbà Nákílà,
lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Nàwárà ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Káírò, kí ó bá ọ gun àtẹ̀gùn ilé yẹn dé òkè kẹfà láì mí hẹlẹ, kí ó sì bá ọ sọ̀kalẹ̀ bí o bá ń jáde lọ. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí o ń wọ̀, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó gbàgbé ibi tó yẹ kó ti yọrí jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ọ fún ire á rí ilé rẹ lójú ẹsẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ọ fún ibi, àdírẹ́sì á sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, àbí tíì nìkan lo ṣì ń mu? Mo mọ̀ pé wàá ní o ń jẹun.

Bí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, ara wa le, a dúpẹ́. Màlúù ti bímọ, abo ló bí, ojú rẹ̀ sì jọ ti Màbúrúkì àbúrò ìyá rẹ, má sọ fún un. Ìyá Ṣáwúkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó gbé àga síwájú rẹ̀, ó ń wo aṣọ bó ṣe ń yí po, ó ní òun ò lè dìde torí òun ò mọ ibi tó máa já sí. Àwọn ẹyẹlé ti di mọ́kàndínlógójì. Ìyá rẹ náà wà ní àlàáfíà, àmọ́ kò sí nílé. Má fò sókè, kò sẹ́ni tó kú. Ilé Màbúrúkì ló wà, òpópónà méjì péré sí wa, láti orí òrùlé yìí mo ń rí i bó ṣe ń sá aṣọ, ó sì ń fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀ láì kí mi. Wàá gbọ́ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ìwọ náà, nítorí náà jẹ́ kí n mú un láti ìpìlẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà ni pé fóònù rẹ kò ṣeé bá sọ̀rọ̀. Ìgbà mọ́kànlá ni mo pè, ọmọbìnrin tó ń gbé pẹ̀lú rẹ ló ń gbé e. Ohùn rẹ̀ dára, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn, àmọ́ kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Mo kí i, mo béèrè àwọn òbí rẹ̀, mo béèrè ìlú rẹ̀, kò dáhùn ọ̀kan, ó kàn ń tẹnu mọ́ ọn pé a kò lè rí ọ bá sọ̀rọ̀ báyìí, kí n tún pè tó bá yá. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá mo bi í pé ṣé o ń sùn ni, ó tún ní kí n pè tó bá yá. Sọ fún un pé bàbá rẹ ní òun ti gbọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ dé. Nígbà tí o wá ṣọdún Iléyá, o mú ewì ọmọdé mẹ́wàá tí o kọ bọ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé fi dá wọn padà fún ọ. O sunkún débi pé ẹran ọdún kò dùn lẹ́nu wa. O kó ewì náà sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyá rẹ, o ní o ò kọ mọ́ láyé, pé tó bá di ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ wàá lọ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń ta táìsì ilẹ̀, wàá máa jókòó gba fóònù fún wọn látàárọ̀ dalẹ́. O ní ọmọ tálákà tó bá ń kọ ewì fún ọmọdé, ọmọdé ni òun náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, Nàwárà. Ṣùgbọ́n nígbà tí o padà lọ tán, mo mú lẹ́tà yẹn, mo wọ awò ojú mi, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín.

Ta ló tọ́ ọ gan-an? Lẹ́tà náà ní: a dúpẹ́ púpọ̀ pé ẹ rántí wa, ewì yín dára, ó dùn wá pé a kò lè gbà á ní àkókò yìí. Ṣé ìyẹn lo ń sunkún sí? Ṣebí ohun tí èmi náà ń sọ nìyẹn nílé Alájì Mutáwálì bí ó bá gbé pẹ́pẹ́yẹ síwájú mi: mo dúpẹ́ púpọ̀, ọbẹ̀ yín dára, ó dùn mí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun kúrò nílé ni. Ebi á sì máa pa mí nígbà náà débi pé mo lè jẹ àwo mọ́ ọn. Ta ni ọmọlúàbí tí wọ́n á gbé oúnjẹ fún lẹ́ẹ̀kan tí á na ọwọ́? Ẹ̀ẹ̀kíní, a dúpẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, a fọwọ́ lé àyà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, baálé á búra, ìgbà náà la ó wá ká apá aṣọ láti jẹun. Olóòtú yẹn kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwọ sì sáré gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀! Kí lo fẹ́ kó jẹ?

Mo ní kí n bá ọ tún un ṣe kí wọ́n má baà sọ pé ọmọ èmi Gáwádì kò mọ àlejò ṣe. Mo kó ewì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jáde nínú àpótí, ìyá rẹ sun fàtírì mẹ́fà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí bọ́tà ń kán lára wọn, èmi náà pa ọmọ ẹyẹlé mẹ́fà, a fi ìrẹsì kún inú wọn, a tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, a fi ewì lé e lórí kí òórùn rẹ̀ lè wọ ìwé. Sàbírì tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Káírò ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ náà. Mo kọ ọ́ sí i pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tọ́ ọ wò, pé ilé wọn nìyí.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, èsì dé. Nàwárà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn náà ni, kò yẹ̀ níbì kan, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Mo kà á sí ìyá rẹ létí, ó wò mí, ó ní Bàbá Nàwárà, àwọn ènìyàn yìí kọ̀. Mo ní ìwọ wo apẹ̀rẹ̀. Sàbírì gbé apẹ̀rẹ̀ padà lófìfo, wọ́n ti fọ àwo mọ́ tónítóní, wọ́n ká aṣọ ìbòrí rẹ̀ sí mẹ́rin. Ẹni tí kò fẹ́ oúnjẹ ẹni, ṣé á fọ àwo? Mo ní ẹ̀ẹ̀kejì ti lọ nìyẹn, ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tó gbé ìyá rẹ dé ilé Màbúrúkì. Mo jókòó, mo kọ ọ́ sí olóòtú pé: Ọ̀gá, mo fi ìkọ̀sílẹ̀ ìyá Nàwárà búra, lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó gba ewì ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Ìwọ náà mọ̀ pé gbogbo ọkùnrin ìlú yìí ló ń búra bẹ́ẹ̀, pé bí àlejò bá kọ̀, àwọn ti kọ ìyàwó àwọn sílẹ̀. Lórí tíì nìkan, màá ti fi ìyá rẹ búra tó igba ìgbà, àlejò á mu tíì, ìyá rẹ á kó ife, ayé á máa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé mo kọ ọ́ sínú ìwé, ó pariwo débi pé ẹyẹlé fò. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, àmọ́ èyí tí mo fi bírò kọ, tí mo fọwọ́ sí, tí mo lẹ sítáǹbù mọ́, ó ti di ti ìjọba. Ó ní bí ará Káírò yẹn kò bá mọ àṣà ńkọ́? Ṣé òun á wá di ẹni ọkọ kọ̀ nítorí ewì, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún, tí ọkọ náà á sì jókòó sórí òrùlé máa bá ẹyẹlé ṣeré? Ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé ìkòkò wàràkàṣì kíkan tó ti ń tọ́jú láti ọdún tí a ṣègbéyàwó lérí, ó jáde. Ìgbà tí mo rí i pé ó gbé ìkòkò yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Mo sáré lọ bá Àáfáà Bàyúmì. Wọ́n bi mí bóyá ìkọ̀sílẹ̀ wà lọ́kàn mi, mo ní kò sí, ewì ló wà lọ́kàn mi. Wọ́n ní ìyàwó mi ṣì ni ìyàwó mi, àmọ́ kí n bọ́ tálákà mẹ́wàá nítorí ẹnu mi, kí n sì fi bírò sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo rán Àáfáà sí ìyá rẹ. Ó fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ, ó fún wọn ní tíì, ó ní òun gbọ́ ti Àáfáà, òun ń retí ti Káírò.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun kan. Lẹ́tà ìbúra yẹn kò gùn, ìdajì ìwé ló parí sí. Ojú sì tì mí láti fi ìdajì òfìfo ránṣẹ́ sí ènìyàn pàtàkì, á dà bí ìgbà tí mo bu ìrẹsì ìdajì àwo fún àlejò. Mo wá ohun tí mo lè fi kún un kí ó kún dé etí. Mo wá rántí orin tí o fi máa ń pe ẹyẹlé wálé nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje, tí o máa ń dúró nísàlẹ̀ lẹ́bàá ààrò ìyá rẹ, tí èmi á wà lókè níbí lẹ́nu ilé ẹyẹlé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀:

Ẹyẹlé, ẹyẹlé, ilé ti yá,
Oòrùn ti ká ẹní, ó ti lọ bá ìyá,
Ta ló kù lóde tí kò tíì wálé rárá?

Mo ní ó ti tó, ìwé ti kún. Mo fi ránṣẹ́.

Èsì dé ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Nàwárà, kì í ṣe ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ni, ọwọ́ ènìyàn, tàdáwà ta sí etí rẹ̀. Wágídì ni olóòtú náà ń jẹ́, ìlú Ásíyútì ni ìyá rẹ̀ ti wá, bàbá rẹ̀ náà kì í jẹ́ kí àlejò lọ láì búra. Ó ní nígbà tí òun ka ìbúra mi, òun rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó wà ní yàrá kejì wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má kọ ìyá Nàwárà sílẹ̀, kí ìwé ìròyìn ọmọdé má tú ilé ọmọdé. Ó kí ìyá rẹ fún fàtírì.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ òótọ́, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ bó ṣe sọ ọ́. Ó ní òun kò ní gba ewì mẹ́wàá yẹn. Ó ní o mọ ọ̀rọ̀ tò, àmọ́ gbogbo ewì yẹn kún fún yìnyín, àti ẹranko onírun tó ń sùn ní ìgbà òtútù, àti ọkọ̀ ojú irin tí kì í pẹ́. Ó bi mí pé níbo lọmọ yín ti rí yìnyín? Lóòótọ́, yìnyín kò bọ́ sórí òrùlé wa rí. Ọkọ̀ ojú irin tiwa náà, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ó ní ohun tí o kà nínú ìwé ẹlòmíràn lo kọ sílẹ̀ fún àwọn, o wá gbé ojú tìrẹ sílé.

Ó wá ní ìlà mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà ìbúra yẹn ńkọ́, ta ló ni ín? Ó ní òun kà á fún ọmọ òun kékeré nílé, ọmọ náà ní kí òun tún un kà, ó tún ní kí òun tún un kà, ó wá béèrè pé, ta wá ló kù lóde? Olóòtú kò mọ ọ́n. Ó ní orin náà béèrè ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ìlà kẹrin dà? Ó ní bí ẹni tó ni ín bá lè fi ìlà kẹrin ránṣẹ́ kí ó tó di ogúnjọ́ oṣù yìí, àwọn á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀, pẹ̀lú àwòrán ilé ẹyẹlé, àti orúkọ rẹ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí irú rẹ̀ bá tún wà nílé, kí o kó wọn bọ̀. Ìyẹn ni pé ó ti ká apá aṣọ, Nàwárà! Mo sọ fún ọ!

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mi ò mọ ìlà kẹrin. Má rẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ lo ń kọ orin yẹn, àmọ́ bí o bá ti dé ìlà kẹta, ẹyẹlé ìkẹyìn á ti wọlé, èmi á sì fa ilẹ̀kùn, ìwọ náà sì mọ igbe ilẹ̀kùn yẹn, kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohunkóhun. Bí mo bá fi máa dojú kọ ìsàlẹ̀, o ti kọ ọ́ tán, o ti ń bẹ́ kiri àgbàlá. Ìyá rẹ ló wà nídìí ààrò, òun ló ń gbọ́ ọ. Mo lọ sí ilé Màbúrúkì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni wá tọrọ iyọ̀, mo ní ìyá Nàwárà, wọ́n ti gbà, jọ̀ọ́ sọ ìlà kẹrin fún mi. Ó sunkún ayọ̀, ó ṣe é débi pé Màbúrúkì náà ń nu imú. Ó wá ní òun mọ ìlà náà dáadáa, òun kò sì ní sọ ọ́. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, Gáwádì á kọ ọ́, olóòtú á tẹ̀ ẹ́, ọmọ náà á sì lọ jókòó ti táìsì. Ó ní kí olórin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orin rẹ̀, ọjọ́ tí ó bá kọ ọ́ ni òun á gbé ìkòkò òun padà wálé. Mo bẹ̀ ẹ́, ìyàwó Màbúrúkì bẹ̀ ẹ́, ó ní kí a jẹ́ kí òun ráyè po ìyẹ̀fun.

Olóòtú fi fọ́ọ̀mù kan sínú lẹ́tà rẹ̀. Mo ti bá ọ kọ díẹ̀ síbẹ̀ kí iṣẹ́ má baà pọ̀ jù fún ọ. Wọ́n béèrè iṣẹ́ rẹ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde rí, mo kọ ọ́ pé wọ́n tẹ orúkọ rẹ sórí ìwé àwọn tó yege ní ọdún kẹfà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri iléèwé títí òjò fi bó o. Wọ́n béèrè orúkọ báńkì rẹ, mo kọ Ìyá Ṣáwúkì, torí òun ló ń kó àjọ ní àdúgbò wa, kò sì jẹ owó ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n wá béèrè bóyá ìwọ gan-an lo ni iṣẹ́ yìí, pé kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Inú bí mi. Mo fẹ́ kọ ìbúra síbẹ̀, mo rántí ìyá rẹ, mo kọ bẹ́ẹ̀ ni. Ibi ìbuwọ́lùwé nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún ọ, àti ibi ìlà kẹrin.

Ní báyìí, ọmọ mi, ìwé méjì ló wà níwájú rẹ, ti táìsì àti ti ẹyẹlé. Mi ò bú iṣẹ́ táìsì, ilẹ̀ ló ń bò, ó dára. Bí ebi bá ń pa ọ́, lọ ṣe é, kò sẹ́ni tó máa rí ọ bí ọ̀lẹ. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o fọwọ́ sí ti ẹyẹlé kọ́kọ́. Ogúnjọ́ ń bọ̀ kí ọjọ́ kìíní tó dé.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ Sàbírì nítorí tálákà mẹ́wàá tí Àáfáà ní kí n bọ́. Mo ti rí mẹ́sàn-án, ẹnì kẹwàá ni mo ṣì ń wá, Ìyá Ṣáwúkì ní kí n wo dígí. Nígbà tí ìwé ìròyìn náà bá jáde, ra púpọ̀ bọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òpópónà wa ní tirẹ̀, kí o sì ra ọ̀kan fún Màbúrúkì tó máa ń ní ìwé kíkọ kì í bọ́ ènìyàn. Fún un ní èyí tó ní àwòrán tó tóbi.

Ọlọ́run á gba ọwọ́ rẹ mú lórí ìwé. Bírò rẹ kò ní gbẹ. Ohun tí ojú rẹ ti rí níbí kò ní dójú tì ọ́ níbẹ̀. Ọmọ tìrẹ náà á kọ orin tí ìwọ kò kọ́ ọ, wàá sì gbọ́ ọ dópin.

Oòrùn ń wọ̀ bí mo ṣe ń parí lẹ́tà yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe àwọn ẹyẹlé ni, mo kọ ìlà mẹ́ta, mo sì dákẹ́. Lórí òrùlé Màbúrúkì, ìyá rẹ dáwọ́ aṣọ kíká dúró, ó dojú kọ ibí, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, òun ló ń kọ ìlà kẹrin yẹn, àmọ́ òpópónà méjì jìnnà sí etí àgbàlagbà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lẹ́nu, Nàwárà, láì mọ̀. Gbogbo wọn ti wọlé, mọ́kàndínlógójì pé, èmi kò sì fa ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Kọ ọ́, kí n gbọ́ ọ.

Èmi bàbá rẹ,
Gáwádì.